Omi tó kọjá ní Gao ló ń bọ̀ ní Jẹ́bà: níbo gan-an ni ìṣirò àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ti dàrú lórí Líbíà?

Ọmọ Pàkátà (ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀), Ọjọ́bọ̀, aago 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lẹ́yìn ìrun alẹ́ lánàá, níwájú mọ́sáláṣí àdúgbò wa ní Ìlọrin níbí, àwọn àgbà kan ń jiyàn lórí ogun tó ń jà ní Málì àti Níjẹ̀. Ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ Gaddafi, olórí Líbíà tí wọ́n pa, ló ń jà, èkejì ní Amẹ́ríkà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe gbogbo ẹ̀. Mo gbọ́ ti àwọn méjèèjì, kò tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò dẹ̀ rí oorun sùn dáadáa, ni mo bá ní kí n gbé e wá síbí.

Bí mo ṣe rí i rèé. Ní 17 oṣù kẹta 2011, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìpinnu 1973. Orílẹ̀-èdè 10 fọwọ́ sí i, 5 ò dá sí i rárá: Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Jámánì, Íńdíà àti Bràsíìlì. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí wọ́n dáàbò bo ará ìlú, kí bàálù Gaddafi má sì fò mọ́. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n lé Gaddafi lórí àga. Ọjọ́ kẹta ẹ̀, bàálù Faransé ti ń ju bọ́ǹbù sórí ọkọ̀ ogun Gaddafi tó forí lé Benghazi, ìlú àwọn tó dìde sí i. Benghazi bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìyẹn dáa.

Àmọ́ kí oṣù kẹrin tó dé ìdajì, Obama ti Amẹ́ríkà, Cameron ti ìlú Ọba àti Sarkozy ti Faransé ti jọ fọwọ́ sí ìwé kan nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ò rí bí Líbíà ṣe máa dáa tí Gaddafi bá ṣì wà níbẹ̀. Ìṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ti yí padà nìyẹn, kò dẹ̀ sẹ́ni tó padà sídìí tábìlì láti lọ béèrè. Ní 10 oṣù kẹrin yẹn kan náà, Zuma ti South Africa ṣáájú àwọn ààrẹ Áfíríkà lọ sí Tripoli pẹ̀lú ètò àlàáfíà, Gaddafi ní òun gbà, ọjọ́ kejì wọ́n dé Benghazi, àwọn yẹn ní àwọn ò gbà torí pé ètò náà ò sọ pé kí Gaddafi kúrò. Kí ló kàn wọ́n? Bàálù NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wà lókè orí wọn, kí ni wọ́n fẹ́ máa jókòó sọ̀rọ̀ fún!

20 oṣù kẹwàá, wọ́n pa Gaddafi ní Sirte. 31 oṣù kẹwàá, NATO palẹ̀ mọ́, wọ́n ní iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ 11 péré! Ìṣirò Amẹ́ríkà fúnra wọn ni pé nǹkan bí 20,000 ìbọn rọ́kẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè gbé léjìká fi já bàálù lulẹ̀ ló wà ní ilẹ̀ yẹn, ká má tíì sọ ti ìbọn kékeré. Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà bárékè? Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání? Àwọn baba wa ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ká tó fàbọ̀ sádìẹ. Wọ́n lé akátá lọ lóòótọ́ o, wọn ò fàbọ̀ sádìẹ.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe pé wọn ò mọ̀. Wọ́n ní sátẹ́láìtì, wọ́n ní amí, wọ́n ní ọ̀mọ̀wé. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà. Wọ́n ka táǹkì Gaddafi, wọ́n ka bàálù ẹ̀, wọn ò ka àwọn ọmọ Málì àti Níjẹ̀ tó wà nínú ṣọ́jà ẹ̀ tí wọ́n máa gbé ìbọn wọn padà sílé. Ogun ilé kan ni wọ́n pè é, ó dẹ̀ jẹ́ ogun àdúgbò. Obama fẹnu ara ẹ̀ sọ ní 2016 pé àìṣètò fún ọjọ́ kejì Líbíà ni àṣìṣe tó burú jù nínú ìjọba òun. Ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin ìlú Ọba náà kọ ọ́ lọ́dún yẹn pé orí èrò tí ò tọ̀nà ni wọ́n gbé ogun yẹn lé. Ọdún 5 lẹ́yìn tí ilé ti jó.

Ẹ bá mi dá sí i o, ibo lẹ rò pé ẹsẹ̀ ti yẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tanke, aago 9:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò gbà pẹ̀lú yín tán. Ẹ fò ó bí ẹni pé Benghazi kàn bọ́ ni, ẹ sáré kọjá níbẹ̀. Ní 22 oṣù kejì 2011 Gaddafi bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun máa wá wọn nílé dé ilé, kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dìbò yẹn gan-an ló sọ lórí rédíò fún àwọn ará Benghazi pé àwọn ń bọ̀ lálẹ́ yẹn, àánú ò ní sí. Ọkùnrin tó ń sọ ọ́ yìí, nínú ẹ̀wọ̀n Abu Salim ní Tripoli ní 1996, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní bí 1,200 ẹlẹ́wọ̀n ló kú ní nǹkan bí ọjọ́ kan. Ṣé ká dúró ká máa wò bóyá eré ló ń ṣe? Wọ́n dúró wo Rùwáńdà ní 1994, ẹ rí i.

Lójú tèmi ìṣirò oṣù kẹta ò dàrú, ti oṣù kẹwàá ló dàrú. Tí ẹ bá dẹ̀ wo Síríà, ibẹ̀ wọn ò tètè dá sí i bíi ti Líbíà, ṣé ibẹ̀ wá rọgbọ ni?

Ọmọ Pàkátà, aago 9:51 alẹ́

Àbúrò, o gbá mi mú níbẹ̀, mo sáré kọjá lóòótọ́. Mo gbà pé Benghazi nílò ìrànlọ́wọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá, oṣù 7 wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù, ẹnì kankan ò lo oṣù 7 yẹn láti fi múra ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá borí.

Ìyá Ìbejì Ọ̀mù-Àrán, aago 10:25 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò kàwé bíi tiyín lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú àgbáyé ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, lọ sí Líbíà ní 2008. Télọ̀ ni. Ó gba Kano, ó gba Agadez, ó wà nínú aṣálẹ̀ lórí Hilux pẹ̀lú àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí kó tó dé Sabha, láti ibẹ̀ ló ti dé Tripoli. Ó ń ṣe dáadáa. Ó ń fowó ránṣẹ́, owó yẹn la fi rúùfù ilé ìyá wa. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ìròyìn gba ìgboro pé Gaddafi ti háyà àwọn aláwọ̀ dúdú láti wá pa ará ìlú, òótọ́ wà níbẹ̀ pé àwọn kan wà nínú ṣọ́jà ẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Sàhẹ́lì, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró yẹ̀ ẹ́ wò bóyá télọ̀ lo jẹ́ tàbí ṣọ́jà, wọ́n kàn ń wo àwọ̀ ara ni. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni àbúrò mi ò yọjú síta. Ẹni tó pa á mọ́ ni lándílọ́ọ̀dù ẹ̀, ọmọ Líbíà ni bàbá yẹn, ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú lòun náà, ará ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Tawergha. Bàbá yẹn ló ń gbé omi àti búrẹ́dì fún un, òun náà ló wá ọkọ̀ tó gbé e dé bọ́dà Tùnísíà, ní Ras Ajdir. Inú kàm̀pù tó ń jẹ́ Choucha ni wọ́n wà, nínú yanrìn àti òtútù, kí wọ́n tó fi bàálù gbé wọn wálé. Báàgì kan ló gbé dé. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́. Ní oṣù kẹjọ 2011 tí àwọn tó ń bá Gaddafi jà borí, àwọn ológun Misrata wọ Tawergha, wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ gbè sẹ́yìn Gaddafi láti bá àwọn jà, wọ́n lé gbogbo ìlú jáde. Nǹkan bí 40,000 èèyàn. Ìlú odidi ló ṣófo, wọ́n jó ilé wọn. Ìyẹn jẹ́ abẹ́ ojú àwọn bàálù tí wọ́n ní àwọn wá dáàbò bo ará ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn Tawergha kì í ṣe ará ìlú ni?

Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ní ìṣirò dàrú, àbúrò mi ni mò ń rí nínú yàrá yẹn. Ta ló kà á mọ́ra?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tanke, aago 10:31 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ mà. Mi ò mọ̀ nípa Tawergha tẹ́lẹ̀. Mo ti ń kà nípa ẹ̀ báyìí.

Tíṣà Ọ̀fà, aago 11:03 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé wa sọ ọ́: ẹni tó bá dá èèyàn lulẹ̀ nínú agbo, kì í fò jáde kúrò lágbo kó fi ẹni tó ṣubú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìta. Wọ́n dá Gaddafi, wọ́n fò jáde.

Málì ni kí ẹ wò dáadáa torí ibẹ̀ ni àtúbọ̀tán ẹ̀ ti jáde. Àwọn Tuareg, ẹ̀yà kan tó ń gbé aṣálẹ̀, wà nínú ṣọ́jà Gaddafi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀kan nínú wọn, Mohamed Ag Najem, kọ́nẹ́ẹ̀lì ni ní Líbíà. Nígbà tí ilé dàrú, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ kó ìbọn, wọ́n kó mọ́tò, wọ́n wálé sí àríwá Málì, òun ló wá di ọ̀gá ogun MNLA, ẹgbẹ́ ọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg. Oṣù kìíní 2012 ìjà bẹ́. 22 oṣù kẹta, àwọn ṣọ́jà Bamako tínú ń bí pé ìjọba ò fún àwọn ní ìbọn gidi gbàjọba lọ́wọ́ Amadou Toumani Touré, ìbò sì kù bí oṣù kan. 6 oṣù kẹrin, MNLA ní àwọn ti di orílẹ̀-èdè Azawad. Kò pẹ́ rárá tí àwọn Ansar Dine àti MUJAO, àwọn agbébọn tó ní àwọn ń jà fún ẹ̀sìn, fi gba Timbuktu, Gao àti Kidal lọ́wọ́ àwọn MNLA náà. Láàárín ọdún kan!

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ nìyí. Amẹ́ríkà ti ń kọ́ ṣọ́jà Málì níṣẹ́ ogun fún ọdún mélòó kan ṣáájú. Àwọn ọ̀gá Tuareg tí wọ́n kọ́ gbé ohun tí wọ́n kọ́ lọ bá àwọn ọ̀tẹ̀. Captain Sanogo tó gbàjọba ní Bamako náà, Amẹ́ríkà ló ti kọ́ṣẹ́. Ìyẹn ni pé ọmọ iléèwé kan náà ló wà lápá méjèèjì. Wọ́n kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń yìnbọn, kò sẹ́ni tó béèrè ta ni wọ́n fẹ́ yìn ín sí àti nítorí kí ni.

Faransé wá dé ní oṣù kìíní 2013. Mo rántí bí àwọn ará Timbuktu ṣe ń jó nígbà tí Hollande, ààrẹ Faransé nígbà náà, dé ibẹ̀ ní 2 oṣù kejì, ó ní ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú ayé òṣèlú òun nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kidal. Faransé bá MNLA ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ṣọ́jà Málì ò bá wọn wọlé. Ará Bamako wò ó pé ah, ṣé ẹni tó wá gbà wá ló tún ń pín ilẹ̀ wa? Láti ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oṣù kẹjọ 2022 ni ṣọ́jà Faransé tó kẹ́yìn jáde ní Gao, kò sẹ́ni tó jó.

Dẹ́rẹ́bà Baboko, Ọjọ́ Ẹtì, aago 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ka gbogbo ẹ̀ tán ní páàkì kí mọ́tò tó kún. Ìbéèrè kan ni mo ní, ẹ dákun ẹ dá mi lóhùn tààrà. Ọ̀nà Kàyámà tí mo máa ń ná tẹ́lẹ̀, mi ò ná an mọ́. Ní Erúkù, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kó èèyàn lóṣù kọkànlá 2025. Ṣé láti Líbíà ni èyí náà ti wá?

Ọmọ Pàkátà, aago 7:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ́nà. Mi ò fẹ́ kí a kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan. Àwọn ajínigbé tó wà lọ́nà Kwara South, púpọ̀ nínú wọn, owó ni wọ́n ń wá. Igbó tí ò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ọlọ́pàá tí ò tó, ọ̀rọ̀ màlúù àti oko, ilé wa nìyẹn, Faransé kọ́ ló fà á.

Ẹgbẹ́ agbébọn kan wà ṣá tí wọ́n ń pè ní JNIM. Málì ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹta 2017, Ansar Dine tí Tíṣà dárúkọ wà lára àwọn tó para pọ̀ di ẹ̀. Láti Málì wọ́n wọ Bùrùkínà Fasò, láti Bùrùkínà wọ́n wọ igbó ọba tó wà ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, igbó yẹn ò dẹ̀ jìnnà sí Bàrútẹ́ẹ̀n àti Kàyámà. Ìparí oṣù kẹwàá 2025 wọ́n ní àwọn kọlu ṣọ́jà wa ní Kwara níbí. Ẹ ka ìlú wọ̀nyẹn pẹ̀lú ìka yín kí ẹ wo bó ṣe ń rìn bọ̀. Odò Ọya tó kọjá ní Timbuktu àti Gao, tó kọjá ní Niamey, òun náà ló kọjá lábẹ́ afárá Jẹ́bà. Ìdí tí mo fi kọ àkọlé yẹn nìyẹn.

Alfa Òkè-Súná, Ọjọ́ Ẹtì, aago 3:15 ọ̀sán

Às-sàlámù aleykum. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnì kan sílẹ̀. Àwọn 10 tó fọwọ́ sí ìpinnu yẹn ní 2011, Nàìjíríà wà níbẹ̀! Àwa, South Africa àti Gabon, gbogbo ọmọ Áfíríkà tó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn nígbà náà ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn náà ni Abuja ti sọ pé ìjọba tuntun Benghazi làwọn mọ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ò tíì gbà á nígbà yẹn.

Mo mọ̀ pé inú ń bí wa sí Gaddafi. Ní oṣù kẹta 2010 ó ní kí wọ́n pín Nàìjíríà sí méjì, ti Mùsùlùmí àti ti Kírísítẹ́nì, Abuja pe ańbásádọ̀ wa wálé nítorí ẹ̀, wọ́n pè é ní wèrè nílé aṣòfin àgbà. Wàhálà ọ̀rọ̀ rẹ̀ dun èmi náà, torí pé ní Ìlọrin níbí, nínú ilé kan náà, ẹ ó rí Mùsùlùmí ẹ ó rí Kírísítẹ́nì, ibo ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ gbà? Àmọ́ ìbínú kọ́ ni wọ́n fi ń dìbò ogun. Àwa la mọ aṣálẹ̀ yẹn, àwa la mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, àwọn bàbá ńlá wa ń rìn ín pẹ̀lú ràkúnmí. Ó yẹ kí aṣojú wa béèrè pé ìbọn yẹn ńkọ́, kó tó na ọwọ́ sókè. Mo bi ara mi títí, mi ò rí ẹni tó béèrè.

Tíṣà Ọ̀fà, aago 4:02 ọ̀sán

Alfa, wà aleykum sàlám, ẹ ṣeun sà, ibi tó ń ro mí gan-an lẹ fọwọ́ bà yìí.

Mo fẹ́ kí a rántí ogun Kírìjì, 1877 sí 1893. Ní 1886 Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó bá wọn ṣe ìwé àdéhùn àlàáfíà, Ìbàdàn fọwọ́ sí i, Èkìtìparapọ̀ fọwọ́ sí i, Ìlọrin ò sí níbẹ̀, wọn ò dẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ Ọ̀fà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìlọrin àti Ìbàdàn ń bá ìjà lọ lórí Ọ̀fà, ìlú wa ṣubú níbẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti tú egbò o, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá báyìí.

Líbíà náà ṣe irú ẹ̀. Oṣù kejìlá 2015, ní Skhirat ní Mòrókò, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó wọn jọ, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, wọ́n dá ìjọba kan sílẹ̀. Ilé aṣòfin tó wà níhà ìlà-oòrùn, tó wà lẹ́yìn Haftar, ọ̀gá ológun apá ibẹ̀, ò fọwọ́ sí ìjọba yẹn. Àwọn ńlá ńlá ń bá Tripoli sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo Líbíà nìyẹn, ẹni tó mú ìbọn tó pọ̀ jù wà ní ìta ilẹ̀kùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tanke, aago 5:20 ìrọ̀lẹ́

Kí ẹ má rò pé àwọn aláwọ̀ funfun ti NATO nìkan ló ń ṣi ìṣirò ṣe o. Haftar yẹn, Rọ́ṣíà wà lẹ́yìn ẹ̀, Íjíbítì wà níbẹ̀, Emirates wà níbẹ̀. 4 oṣù kẹrin 2019 ó ní kí wọ́n lọ gba Tripoli, Guterres tó jẹ́ ọ̀gá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà nínú Tripoli lọ́jọ́ náà tó ń múra ìpàdé àlàáfíà sílẹ̀. Wọ́n rò pé ìlú máa já láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oṣù 14 ni wọ́n lò lẹ́yìn odi. Wọn ò ka Tọ́kì sí, Tọ́kì gbé dúróònù dé, oṣù kẹfà 2020 Haftar ti fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn gbogbo òkú yẹn, wọ́n padà síbi tí wọ́n ti gbéra.

Rọ́ṣíà tún ni ní Málì. Wagner, ẹgbẹ́ ológun aládàáni ti Rọ́ṣíà, wọlé ní ìparí 2021, wọ́n wá lé Faransé, àwọn kan ń gbé àsíá Rọ́ṣíà kiri ìgboro. Oṣù keje 2024 àwọn Tuareg àti JNIM pa wọ́n nípakúpa ní Tinzaouaten nítòsí bọ́dà Àlùjíríà. 2025 JNIM dí ọ̀nà epo mọ́ Bamako. Aṣọ ṣọ́jà ló yí padà, èrò pé ìbọn nìkan ló máa yanjú ẹ̀ ò yí padà.

Jẹ́bà Lójú Odò, aago 8:44 alẹ́

Ẹ dárúkọ ìlú mi, mo ní kí n jáde sọ̀rọ̀. Àwa náà ní alágbára tiwa ládùúgbò yìí, Nàìjíríà ni. 26 oṣù keje 2023 ṣọ́jà gbàjọba ní Niamey. Ní 30 oṣù náà, ECOWAS tí ààrẹ wa jẹ́ alága ẹ̀ nígbà náà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan pé kí wọ́n gbé Bazoum, ààrẹ tí wọ́n lé, padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn lè lo agbára. A já iná wọn. Nígbà yẹn, Níjẹ̀ ń ra nǹkan bí 70 nínú 100 iná tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa. Tèmi tí mò ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fi omi ṣe iná, mo mọ ohun tí òkùnkùn ń ṣe fún ọsibítù àti ẹni tó ń ta ẹja tútù. Ọ̀sẹ̀ kan pé, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, agbára tí a ní a máa lò ò jáde. Ará ìlú tó wà ní òkùnkùn ò bínú sí ṣọ́jà wọn, àwa ni wọ́n bínú sí. Oṣù kẹsàn-án, Málì, Bùrùkínà àti Níjẹ̀ ti di ẹgbẹ́ tiwọn. Oṣù kìíní 2025 wọ́n jáde ní ECOWAS pátápátá. Bọ́dà yẹn dẹ̀ gùn o, àwọn tó yẹ ká jọ máa ṣọ́ ọ ni a bá jà.

Dẹ́rẹ́bà Baboko, aago 9:02 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀mù-Àrán ni, a dúpẹ́. Ìyá Ìbejì, bàbá tó pa àbúrò yín mọ́ ńkọ́? Ó ti ń dùn mí láti àárọ̀.

Ìyá Ìbejì Ọ̀mù-Àrán, aago 9:37 alẹ́

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ó pè ní ìgbà kan lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn, ní ìparí 2011, ó ní àwọn ẹbí òun wà nínú kàm̀pù kan ní Tripoli, nínú ọgbà ilé iṣẹ́ kan tí wọn ò kọ́ parí. Ó ní kí àbúrò mi má bínú, wọ́n ti kó àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn lọ. Ọkùnrin tí wọ́n jó ilé ẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ̀rọ.

Nọ́ńbà yẹn ò lọ mọ́ látìgbà náà. Àbúrò mi ti ní ṣọ́ọ̀bù níbí báyìí, ó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Ní 2018 ó gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn ará Tawergha padà díẹ̀díẹ̀, ó gbé fóònù, ó tún tẹ nọ́ńbà yẹn. Mo wà níbẹ̀. Ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́ nígbà mìíràn.